Alágbàfọ̀ Tó Fẹ́ Fọ Odò

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: orí ọkọ mi pé. Ó kàn fẹ́ràn ìmọ́tótó ju bó ṣe yẹ lọ ni. Alágbàfọ̀ ni, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní Báláú, nítorí pé bí ẹ bá gbé aṣọ funfun fún un, funfun báláú ló máa gbé e padà fún yín, ì báà jẹ́ pé ẹ ti fi aṣọ náà nu táyà mọ́tò. Èmi ni mo ń lọ aṣọ, èmi náà ni mo ń rán bọ́tìnnì tó bá já. Òun ló ń fọ̀. Bó bá ti rí àbàwọ́n báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, nígbà tí wọ́n ń bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ mi, ṣe ló ń fi èékánná ha nǹkan kan lápá ẹ̀wù mi. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n àbàwọ́n yẹn ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Atukọ̀ ni bàbá mi. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn sọdá odò, títí orúnkún rẹ̀ fi ní kó lọ jókòó. Ẹ̀bá odò náà ni ilé rẹ̀ wà. Nígbà tí ìyá mi kú, òun nìkan ló kù síbẹ̀, gbogbo wa sì ń tan ara wa jẹ pé ó ń gbádùn. Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, yà kí i lọ́jọ́ kan. Èéfín ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìkòkò ti jóná mọ́ orí iná, aṣọ fèrèsé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná, bàbá wa sì wà níwájú ilé tó ń wo omi, kò rántí pé òun gbé nǹkan kaná rárá. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi gbé e jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù, tó gbé e wá sọ́dọ̀ mi.

Yàrá ẹ̀yìn la fún un. Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́, òun nìkan ló ṣófo. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ògiri ilé kejì ni fèrèsé náà sì ń wò, ó sún mọ́ ọn débi pé ẹni tó bá na ọwọ́ á fọwọ́ kàn án. Oòrùn kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀sán gangan, ẹ máa ń fi ọwọ́ wá bàtà yín. Bàbá mi á jókòó sórí àga, á kọjú sí ògiri yẹn, kò ní sọ̀rọ̀. Bí mo bá béèrè bóyá oúnjẹ dùn, ó ní ó dùn. Bí mo bá béèrè bóyá ó sùn dáadáa, ó ní ó sùn. Ẹni tí gbogbo nǹkan dára fún á wá máa wo ògiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ọkọ mi wá tún dá kún un. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí, àmọ́ tiwọn kọjá bẹ́ẹ̀. Báláú á dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, á dọ̀bálẹ̀ lálẹ́, bó bá sì ṣèèṣì pàdé bàbá mi lọ́nà ilé ìwẹ̀, á tún dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Bí bàbá mi bá ní òjò fẹ́ rọ̀, Báláú á ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Bó bá tún ní ó dà bíi pé kò ní rọ̀ mọ́, Báláú á ní òótọ́ lẹ sọ sà. Bàbá mi náà kò gbẹ́yìn, ṣe ló ń kí i ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, àfi bí ẹni ń bá gómìnà sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn títí ilé fi tutù.

Ìgbà tó yá, bàbá mi ní òun fẹ́ máa lọ sílé òun. Ó ní òun ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́, bó bá ti ń kọjá níparí oṣù, òun á bá a lọ. Mo béèrè ohun tá a fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní a ò fi nǹkan kan ṣẹ̀ òun, òun kàn fẹ́ máa rí omi ni. Mo ti rí ìkòkò yẹn pẹ̀lú ojú ara mi, ẹ̀gbọ́n mi mú un wá kí n lè gbà á gbọ́. Bó bá padà síbẹ̀ lóun nìkan, ilé ló máa jó lẹ́ẹ̀kejì, òun á sì wà nínú rẹ̀. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sọkún, mo fi ata bojú pé ata ló ta sí mi lójú.

Báláú bá mi níbẹ̀. Lẹ́yìn tó ti nu ojú mi, tó sì ti nu tábìlì tí mo sọkún sí, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Bí bàbá bá fẹ́ máa rí omi, a óò gbé omi wá bá a. Mo ní ṣé garawa ló fẹ́ gbé síwájú bàbá mi? Ó ní kí n sinmi.

Àpótí gíláàsì kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa. Ẹni tó ń gbé òkè tẹ́lẹ̀ ló fi ń sin ẹja nígbà kan. Nígbà tó kó lọ, ó fi í sílẹ̀, gbogbo ilé sì ń ju bàtà tó ti já sínú rẹ̀. Kò tóbi, kò ju àpò ìrìn-àjò lọ. Báláú kó bàtà kúrò, ó gbé àpótí sórí ìwé ìròyìn, ó bu omi kún un, ó dọ̀bálẹ̀ tì í, ó ń wo bóyá ìwé ìròyìn á tutù. Igun kan ń jò. Ó lọ tọrọ góòmù lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wa ṣe gíláàsì fèrèsé, ó fi dí i, ó jẹ́ kó gbẹ, ó tún bu omi kún un. Kò jò mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò lè bá a sọ̀rọ̀ ní àdúgbò, ẹ ó rò pé ó kọ́ afárá ni.

Ìyókù, ọ̀dọ̀ Díẹ̀díẹ̀ la ti gbà á. Ọkùnrin kan ni Díẹ̀díẹ̀ tó ń ta ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń wò tí a kì í jẹ, ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lópin òpópónà. Ìdí tá a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ìbéèrè tẹ́ ẹ lè bi í tí kò ní fi díẹ̀díẹ̀ dáhùn. Ó béèrè bí yàrá ṣe rí, a ní ó ṣókùnkùn. Ó ní kò burú, àwọn ewé inú omi kan wà tí kì í wá oòrùn kiri, iná kékeré tó wọn fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, wọn kò sì nílò oúnjẹ olówó ńlá. Ó mú ewé kan tó nípọn bí awọ bàtà, ó ní kí a má ri gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ iyanrìn o, yóò jẹrà, òwú ni kí a fi so ó mọ́ òkúta. Ó mú òmíràn tó rí bí irun orí tí wọn ò yà, ó ní kí a so ìyẹn mọ́ igi. Ó ta ẹ̀rọ àlòkù kékeré kan fún wa tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú fóòmù kọjá. Ó ní kí a fọ iyanrìn, kí a to gbogbo rẹ̀, kí omi wà bẹ́ẹ̀ kó gbó dáadáa kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Báláú béèrè báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé omi ti gbó. Ó ní díẹ̀díẹ̀.

Àṣìṣe Díẹ̀díẹ̀ ni pé ó sọ fún alágbàfọ̀ pé kó fọ nǹkan, kò sì sọ bó ṣe máa fọ̀ ọ́. Báláú gba iyanrìn lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́yìn wa, ó da á sínú ọpọ́n ńlá tó fi ń rẹ aṣọ, ó da ọṣẹ sí i. Kì í ṣe ọṣẹ kékeré. Ọṣẹ tí ó ń lò fún aṣọ àwọn mẹkáníìkì ni. Ó gún iyanrìn yẹn, ó fún un, bí iyanrìn bá ṣeé sá lókùn ni, ì bá sá a. Ó ṣan án, ó ní ó ti mọ́. Ó gbé àpótí síwájú àga bàbá mi ní yàrá ẹ̀yìn, ó to òkúta, ó to igi, ó fi òwú bọ́tìnnì mi so ewé mọ́ra. Ibẹ̀ náà ló tún ti mú àkísà pupa kéékèèké tí a fi ń ṣàmì sára aṣọ àwọn oníbàárà, ó so ó mọ́ ewé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa yí mọ́ra. Mo bi í pé ta ló ń bọ̀ wá gba ewé náà. Ó ní ètò ni ètò.

Iná ńkọ́? Iná tí mo fi ń ríran rán bọ́tìnnì ló yọ. Ó fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ há a mọ́ etí àpótí. Mo pariwo títí, kò gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rán bọ́tìnnì bí afọ́jú, bí ẹ bá rí oníbàárà wa tí bọ́tìnnì rẹ̀ wà níbi tí kò yẹ, ẹ mọ ẹni tó fà á.

Bàbá mi ń sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí Báláú tan ẹ̀rọ. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé omi ni àna òun máa rí bó bá lajú. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn, ọṣẹ tó kù nínú iyanrìn sì dìde. Ìfófòó gun òkè, ó kún àpótí, ó borí iná mi, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rìn lọ sídìí ibùsùn. Báláú ń fi ọwọ́ méjèèjì kó o, bó ṣe ń kó o ló ń pọ̀ sí i. Bàbá mi lajú. Ó rí nǹkan funfun tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó rí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan láàárín rẹ̀. Kò tiẹ̀ mira. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ṣé mo ti kú ni?"

Mo ní rárá, kò kú, àna rẹ̀ ni.

A tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, omi lásán la fi fọ iyanrìn, èmi ni mo sì dúró tì í. Omi ẹ̀rọ tí a máa lò, a gbé e kalẹ̀ nínú garawa kó sinmi kí a tó dà á sí i, bí Díẹ̀díẹ̀ ṣe wí. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n igi tí a gbé sínú omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ti sọ ọ́ pé ó máa yọ, pé kò léwu, pé ewé tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Omi náà pọ́n díẹ̀, ó tún pọ́n sí i, ó wá rí bí tíì. Báláú kò lè jẹun. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ pé omi tó dọ̀tí wà nílé Báláú. Mo ní ta ló fẹ́ gbọ́, nínú yàrá tí oòrùn gan-an kò rí ọ̀nà wọ̀? Ó ní òun mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì ti tó.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yọ́ wọ ibẹ̀ lọ, tó da búlúù sí i. Búlúù tí a ń fi sí omi aṣọ funfun. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń wúkọ́, mo sáré wọlé. Omi ti di búlúù, búlúù tí kò sí nínú ẹ̀dá, àkísà pupa wa ń jù nínú rẹ̀ bí àsíá. Báláú ti dọ̀bálẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè. Bàbá mi ń wo àpótí náà. Inú rẹ̀ bà jẹ́, mo rí i lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bó ṣe rí lánàá yẹn, bí odò wa ṣe rí nìyẹn. Àwọ̀ yẹn gan-an ni."

A ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí a rò pé ògiri ló ń wò, omi tó pọ́n yẹn ló ń wò. Báláú kò lè dìde nílẹ̀ fún ìtìjú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́n omi búlúù náà dànù. Nígbà tí igi tún yọ àwọ̀ rẹ̀, tí omi tún pọ́n, ṣe ló kàn ń dijú bó bá ń kọjá níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni omi wá gbó, díẹ̀díẹ̀. Ìgbín omi wẹ́wẹ́ tí ó bá ewé wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára gíláàsì. Ewé tuntun kan yọ, bàbá mi pè mí láti ìdí áyọ́ọ̀nù pé kí n wá wò ó. Aṣọ oníbàárà fẹ́ẹ̀ jóná lórí ewé yẹn. Nígbà tí Díẹ̀díẹ̀ ní ó tó, a lọ mú ẹja mélòó kan wá, wọn kò gùn ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ, wọ́n ní ìlà tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá mi fi orúkọ àwọn èrò tó ń gbé sọdá odò láyé ọjọ́un sọ wọ́n. Alápò-méjì wà níbẹ̀, Ìyàwó Tíṣà wà níbẹ̀, ọ̀kan tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta ló pè ní Má-jẹ̀ẹ́-n-tutù. Ó ń rojọ́ wọn fún mi bó bá ń jẹun. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti dé wá di ẹni tí mi ò lè pa lẹ́nu mọ́. Inú mi dùn débi pé mo fi iná bọ́tìnnì mi jì wọ́n.

Àmọ́ Báláú fẹ́ràn láti máa tan iná yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní kí òun lè rí ìdọ̀tí. Iná àtanjù ló sì mú kí nǹkan kan tó ní àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í hù mọ́ gíláàsì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí eruku lára gílóòbù iná. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Mo pè é ní ìjà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Báláú á wọlé wá kí bàbá mi, á dọ̀bálẹ̀, kànrìnkàn á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi á kí i ní ẹ kú iṣẹ́, á rọra fa àga rẹ̀ síwájú gíláàsì. Báláú á ní ó ku díẹ̀ sà, bàbá mi á ní ìgbín máa jẹ ẹ́. Báláú á ní bẹ́ẹ̀ ni sà, á jáde tòun ti kànrìnkàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi wà nílé ìwẹ̀, Báláú rí ààyè. Gíláàsì kọ́ ló fọ̀. Fóòmù ẹ̀rọ tó ti pọ́n ló yọ, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sì lọ sá a sí ẹ̀yìnkùlé, pẹ́ẹ̀gì ní igun rẹ̀ méjèèjì, láàárín síńgílẹ́ẹ̀tì méjì. Ó mọ́, mi ò ní parọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi ti dà rú, ẹja ti gbé ẹnu sókè omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Bàbá mi mú ọ̀pá rẹ̀, ó fi orúnkún yẹn rìn dé ọ̀dọ̀ Díẹ̀díẹ̀, ó lọ fẹjọ́ àna rẹ̀ sùn. Díẹ̀díẹ̀ ní ìdọ̀tí inú fóòmù yẹn gan-an ló ń jẹ ìgbẹ́ ẹja, ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò. Ó fún un ní fóòmù àlòkù mìíràn láti inú omi tirẹ̀. Bàbá mi padà dé, ó jókòó, ó ń fi ife bu omi kúrò, ó ń fi ife bu tuntun sí i, títí àwọn èrò rẹ̀ fi sọ̀kalẹ̀ padà. Báláú ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ní kò sí wàhálà, kò burú, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ kú iṣẹ́ tó tutù bí omi yìnyín. Ìyẹn ló mú kí n mọ̀ pé kò tíì yí ọkàn rẹ̀ padà. Mo bi í nígbà tó ku àwa méjèèjì pé ṣé ó ṣì ń lọ ni. Ó ní ó ń lọ. Mo ní ẹja ńkọ́? Ó ní a óò máa tọ́jú wọn. Ó ní a ṣe dáadáa fún òun, omi náà dára, ṣùgbọ́n àlejò ni òun ń jẹ́ nílé wa, ọjọ́ àlejò sì máa ń pé. Mo ní bàbá ẹni kì í ṣe àlejò. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní kí n má bínú. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo lọ ra ìṣáná tuntun tí yóò fi máa dáná nílé rẹ̀, mo tún ju ìṣáná náà nù, torí kí ló dé tí mo tún ń fún un ní iná?

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ó fọn fèrè ọkọ̀ akẹ́rù níwájú ṣọ́ọ̀bù wa títí aṣọ fi ń mì lórí okùn. Bàbá mi ti wọṣọ. Báláú ló fọ̀ ọ́, èmi ni mo lọ̀ ọ́, bí ẹ bá fọwọ́ kan ìlà ṣòkòtò yẹn, á gé yín. Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì rẹ̀. Bàbá mi ní kí a dúró, òun fẹ́ lọ wo àwọn èrò òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi náà tẹ̀ lé e.

Báláú ló wà níbẹ̀. Ó ti ká apá ẹ̀wù sókè, garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú omi títí dé ìgbúnwọ́.

Bàbá mi ní, "Kí lò ń ṣe?"

"Mo fẹ́ nu iwájú rẹ̀ díẹ̀ ni sà. Kí ẹ lè rí wọn dáadáa kí ẹ tó lọ."

"Yọ ọwọ́ rẹ."

"Ó dọ̀tí, Bàbá."

"Mo ní yọ ọwọ́ rẹ níbẹ̀. Olóríkunkun ni ọ́, ìwọ ọmọ yìí. A sọ ọ́, o ò gbọ́. A fi hàn ọ́, o ò rí i. Ọjọ́ wo ni wàá tó mọ̀ pé omi kì í ṣe aṣọ?"

Báláú dọ̀bálẹ̀, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n kò ju kànrìnkàn sílẹ̀. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ le. Mo gbìyànjú láti fojú bá a sọ̀rọ̀, kò wò mí.

Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ẹ̀yin náà olóríkunkun ni yín. Ẹ tiẹ̀ jù mí lọ. Ilé fẹ́ẹ̀ jó mọ́ yín lórí, ẹ mọ̀. Ọmọ yín ń sọkún nílé ìdáná lójoojúmọ́, ẹ mọ ìyẹn náà. Ẹ sì tún wọṣọ, ẹ fẹ́ máa lọ."

Ẹ̀rọ kékeré yẹn nìkan ló ń pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì, ó ya ẹnu sílẹ̀. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa bẹ bàbá mi, mo sì ti ń ro bí mo ṣe máa pa ọkọ mi.

Bàbá mi rọra jókòó sórí àga rẹ̀, ṣòkòtò tí mo lọ̀ ká mọ́ ọn lórúnkún. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá rẹ nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀," ló sọ fún mi. "Láti ọjọ́ tó ti kú, kò sẹ́ni tó bá mi jà. Bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà ni gbogbo yín ń wí."

Báláú bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, orí rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀. Bàbá mi ní kó panu mọ́. Ó ní bí yóò bá nu ún, iwájú nìkan ni o, kó má fọwọ́ kan ẹ̀yìn, àwọn ìgbín ń jẹun níbẹ̀. Báláú ní igun ọ̀tún náà wà lára iwájú. Bàbá mi ní igun kì í ṣe iwájú. Báláú ní bó bá jẹ́ aṣọ ni, wọ́n á kà á mọ́ iwájú. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé kí òun gbé báàgì yìí sínú ọkọ̀ ni àbí kí òun gbé e sílẹ̀. Wọ́n ń jà, wọn ò gbọ́ ọ, ni mo bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e padà sídìí ibùsùn bàbá mi.